Ìpín mi ti já wálẹ̀: ṣé kí n tà á, àbí kí n fara mọ́ ọn?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Tíṣà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, Oǹdó ni mò ń gbé, mo sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Nígbà tí wọ́n san gratuity mi, mo fi mílíọ̀nù méjì náírà ra ìpín ilé-iṣẹ́ mẹ́rin, ₦500,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: bánkì mẹ́ta àti ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan. Mi ò ní fi pamọ́ fún yín, mo yá ₦300,000 nínú owó yẹn ní kọ́ópù, ó sì ku ₦240,000 tí mo jẹ wọ́n. Ní báyìí, ti sìmẹ́ǹtì jẹ́ ₦560,000, àwọn bánkì sì ti di ₦310,000, ₦250,000 àti ₦190,000. Ọmọ mi tó wà l'Ékòó ní kí n tún rà sí i, pé owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á báyìí. Ọ̀rẹ́ mi ní kọ́ópù ní MMM ni gbogbo rẹ̀, kí n yáa kó èyí tó kù sá lọ. Òrùlé ilé mi ń jò, kápẹ́ńtà ní yóò gbà tó ₦350,000, mo sì fẹ́ kó parí kí òjò tó dé. Ẹ̀rù 2008 ló ń bà mí. Ọkọ mi tó ti dolóògbé ra ìpín bánkì nígbà náà, ìwé rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí. Èrò mi ni kí n ta sìmẹ́ǹtì, torí òun nìkan ló lérè. Kí lẹ rí sí i?"

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ lọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà máa padà sókè. Ẹ fẹ́ mọ ibi tí owó òrùlé àti gbèsè kọ́ópù yóò ti jáde. Ẹ̀kẹta, ẹ ò sọ ọ́ tààrà, ṣùgbọ́n ó hàn nínú lẹ́tà yín: ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ìwà òmùgọ̀ lẹ hù. Ìkíní ni gbogbo èèyàn máa ń sáré bi, òun gan-an ni kò sì sí alágbàtà (ẹni tó ń bá èèyàn ra ìpín, tó sì ń bá a tà á) tàbí ọ̀mọ̀wé tó lè dáhùn. Ìkejì la lè fi bírò àti ìwé yanjú lónìí, tí a bá sì ti yanjú rẹ̀, ìkíní ò ní lágbára lórí yín bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú àwọn ohun tó wé mọ́ ara wọn ná.

Ọ̀rẹ́ yín kò ṣi ẹ̀rù bà, àmọ́ ó ṣi nǹkan pè. MMM tó ti ilẹ̀kùn ní Oṣù Kejìlá 2016, àti CBEX tó dá ní Oṣù Kẹrin 2025, owó ẹni tó wọlé lẹ́yìn ni wọ́n fi ń san fún ẹni tó wọlé ṣáájú. Kò sí ọjà tí wọ́n ń tà. Ọjọ́ tí ẹni tuntun tán ni owó tán. Ti ìpín yàtọ̀, torí ẹ ní apá kan nínú ilé-iṣẹ́ tó ń lọ sìmẹ́ǹtì, tó ń kó o sí ọkọ̀, tó ń gbowó lórí rẹ̀. Iye tí ẹlòmíràn fẹ́ san fún apá yín lónìí ló já wálẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ò dẹ́kun àtijáde. Ṣùgbọ́n kí àwọn alágbàtà má fi ìyẹn rẹ̀ yín lẹ́kún, torí ẹnu wọn ò kúrò lórí "ẹ ò tíì pàdánù, àfi tí ẹ bá tà." Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, kì í ṣe ìṣirò. Bánkì kẹta yín jẹ́ ₦190,000 lónìí. Tí ẹ bá fẹ́ fi ra páànù lọ́la, páànù ₦190,000 ni ẹni tó ń tà á máa kó fún yín, kò ní béèrè iye tí ẹ rà á.

Ohun kejì tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀ ni owó inú bánkì àti ìpín bánkì. NDIC, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìdójútòfò owó inú bánkì, ń dáàbò bo owó tí ẹ fi pamọ́ sínú àkáǹtì, ó dé ₦5,000,000 fún ẹnì kan nínú bánkì ńlá kan láti 2024. Kò kan ìpín rárá. Bí bánkì bá dojú dé, ẹni tó ní àkáǹtì ló kọ́kọ́ gbà, àwọn tí bánkì jẹ ní gbèsè tẹ̀lé e, ẹni tó ní ìpín ló wà ní ìdí ìlà. Ẹ tún wò ó: ẹ ra bánkì mẹ́ta, ẹ sì rò pé ẹ ti pín ewu sọ́nà mẹ́ta. Ọ̀nà kan náà ni. Central Bank á sọ ọ̀rọ̀ kan ní àárọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ mì lójọ́ kan náà. Ohun méjì lẹ ní, bánkì àti sìmẹ́ǹtì, mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin owó yín ló sì wọ ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí 2008. Gbòǹgbò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2004, nígbà tí Central Bank lábẹ́ Soludo, gómìnà rẹ̀ nígbà náà, ní kí bánkì kọ̀ọ̀kan gbé owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti ₦2 bílíọ̀nù lọ sí ₦25 bílíọ̀nù kí 2005 tó parí. Bánkì 89 di 25. Apá ńlá nínú owó náà, ọwọ́ àwọn èèyàn bíi yín ni wọ́n ti gbà á. Fọ́ọ̀mù ìpín wà lórí káńtà bánkì bí ìwé ìgbowó. Ẹni tó tètè rà ń jèrè, ẹni tí kò rà ń jẹ ìka àbámọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn bánkì bẹ̀rẹ̀ sí í yá èèyàn lówó láti fi ra ìpín, ìpín náà fúnra rẹ̀ sì ni ohun ìdógò. Ní ọjọ́ 5 Oṣù Kẹta 2008, All-Share Index, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń mọ bí gbogbo ọjà ṣe ń lọ, dé 66,371. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Àwọn olówó òkèèrè ń kó owó wọn lọ sílé torí iná ti ń jó lọ́hùn-ún. Lehman Brothers ní Amẹ́ríkà ṣubú ní ọjọ́ 15 Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Nígbà tí 2008 parí, òǹkà wa ti di 31,450. Nígbà tí 2009 parí, 20,827.

Ẹ wo ohun tí gbèsè ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà, torí ó kàn yín. Ká ní ẹnì kan ní ₦300,000, bánkì yá a ní ₦700,000, ó fi mílíọ̀nù kan ra ìpín. Ìpín já wálẹ̀ ní 30%. Ohun tó kù jẹ́ ₦700,000, iye gbèsè gẹ́lẹ́. Owó tirẹ̀ ti tán pátápátá, nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ tó fi mílíọ̀nù kan ti ara rẹ̀ rà á ṣì ní ₦700,000 tó lè jókòó tì. Bánkì ò sì ní dúró wo ojú rẹ̀. Wọ́n á ta ìpín náà. Títà yẹn á tún ti iye rẹ̀ sísàlẹ̀, ìpín ti onígbèsè kejì náà á wá kan ìlà, wọ́n á ta tirẹ̀ náà. Ilé ń wó lu ilé. Ìdí rèé tí òǹkà kò fi dúró ní ìdajì.

Ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ ní 2008 tí àwọn èèyàn ti gbàgbé. Ní Oṣù Kẹjọ, àwọn aláṣẹ ọjà ní kí ìpín kankan má já wálẹ̀ ju 1% lọ lójúmọ́, àmọ́ ó lè gòkè tó 5%. Ó jọ àánú. Ṣùgbọ́n ẹni tó lówó lọ́wọ́ mọ̀ pé ìpín tó yẹ kó jẹ́ ₦14 ṣì dúró sí ₦20, tó ń yọ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ni yóò rà á lónìí sí? Ó ká ọwọ́ gbera. Àwọn tó fẹ́ tà wá ń tò, ìlà ń gùn, alágbàtà ń fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́: kò sí ẹni tó rà. Ẹni tó nílò owó ilé ìwòsàn ní ọ̀sẹ̀ yẹn ní ìpín, ó sì rí iye rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n kò rí owó. Kí ọdún náà tó parí wọ́n ti mú òfin náà kúrò. Lónìí, 10% ni ìpín kan lè fi gòkè tàbí wálẹ̀ lójúmọ́, bí gbogbo ọjà bá sì já wálẹ̀ tó 5% lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dá a dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Síbẹ̀ ohun tó wà nídìí rẹ̀ ò yí padà: iye tí ẹ ń rí lórí fóònù kì í ṣe owó títí ẹnì kan yóò fi gba ìpín náà lọ́wọ́ yín.

Ṣé ọjà padà? Ó padà. Òǹkà wa tún kọjá 66,371 ní 2023, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ tún rántí pé dọ́là kan kò tó ₦120 nígbà tí ọjà wà lókè ní 2008. Lẹ́yìn Oṣù Kẹfà 2023 ó ti kọjá ₦700. Nítorí náà, "ó ti padà" lórí ìwé kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ohun tí owó náà lè rà. Ti Amẹ́ríkà tó wó láti Oṣù Kẹwàá 2007 padà síbi tó wà ní 2013. Ti Japan tó dé òkè ní ìparí 1989 kò tún rí ibẹ̀ títí di Oṣù Kejì 2024, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ní 2020 ẹ̀wẹ̀, àìsàn COVID ti òǹkà wa sí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lé díẹ̀, àmọ́ ó parí ọdún náà ní 40,270. Oṣù díẹ̀ nínú ọ̀kan, ìran kan nínú òmíràn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọjà máa ń padà kò purọ́, àmọ́ kò sọ ọdún tó máa gbà. Yàtọ̀ sí èyí, ọjà lápapọ̀ ló padà, kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ inú rẹ̀. Ní Oṣù Kẹjọ 2011, ìjọba gba Afribank, Spring Bank àti Bank PHB, wọ́n sọ wọ́n lórúkọ tuntun. Àwọn tó ní owó nínú àkáǹtì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Àwọn tó ní ìpín kò rí kọ́bọ̀.

Ìṣirò kan tí ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn: ohun tó já kì í gòkè padà pẹ̀lú ìdá kan náà. Gbogbo ìpín yín papọ̀ jẹ́ ₦1,310,000 báyìí. Ẹ ti pàdánù ₦690,000, ìyẹn 34.5%. Kí ó tó di mílíọ̀nù méjì padà, ó gbọ́dọ̀ gòkè ní nǹkan bí 53%. Bánkì kẹta tó já ní 62%, ó gbọ́dọ̀ gòkè ní 163%. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fi òrùlé ilé dúró dè.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọkàn. Ní 1979, Kahneman àti Tversky, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, fi hàn pé àdánù máa ń dun èèyàn ju bí èrè tó bá a dọ́gba ṣe ń dùn mọ́ ọn lọ. Nǹkan bí ìlọ́po méjì ni ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ sábà ń lò. Ìdí nìyẹn tí ₦690,000 tó lọ fi ń dí yín lójú oorun, tí ₦60,000 tí sìmẹ́ǹtì jèrè kò sì mú yín rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn wọn, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Odean yẹ àkáǹtì ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wò ní Amẹ́ríkà, ó sì rí i pé àwọn èèyàn máa ń yára ta èyí tó jèrè, wọ́n á sì di èyí tó pàdánù mú. Ẹ padà ka ìlà tí ẹ fi parí lẹ́tà yín. Bí ẹ bá ta sìmẹ́ǹtì, ẹ lè fọkàn balẹ̀ pé ẹ jèrè. Bí ẹ bá ta bánkì kẹta, ẹ gbọ́dọ̀ fẹnu ara yín sọ pé ₦310,000 ti lọ. Ìtìjú ló ń yan ohun tí ẹ máa tà, kì í ṣe ìwé ilé-iṣẹ́. ₦500,000 tí ẹ rà á kò sí nínú ìṣirò mọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ bi ara yín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni pé: ká ní iye tó jẹ́ lónìí wà lọ́wọ́ mi ní owó tútù, ṣé ìpín yìí náà ni màá fi rà?

Ìwádìí mìíràn tún wà tó tako ohun tí wọ́n sábà ń sọ, pé olówó kékeré ló máa ń kọ́kọ́ sá. Hoffmann, Post àti Pennings tẹ̀ lé àwọn oníbàárà alágbàtà kan ní Netherlands lóṣooṣù, láti Oṣù Kẹrin 2008 títí di Oṣù Kẹta 2009. Ní àwọn oṣù tó burú jù, ìrètí wọn já, ẹ̀rù wọn ga, wọn ò fẹ́ ewu mọ́. Kí àkókò yẹn tó parí, ọkàn wọn ti ń padà sípò. Ọwọ́ wọn ńkọ́? Wọn ò sá. Wọ́n ń rà, wọ́n ń tà, wọn ò sì dín ewu tó wà nínú ohun tí wọ́n ní kù. Ẹ̀rù tí ẹ ní lónìí, àsìkò ni. Kò yẹ kí ẹ tọwọ́ bọ ìwé ńlá nínú rẹ̀. Àmọ́ kí ọmọ yín náà má rò pé àìsá nìkan ti di ọgbọ́n. Barber àti Odean wo àwọn ìdílé tó ní ìpín ní Amẹ́ríkà láti 1991 sí 1996: àwọn tó ń tà tó ń rà jù rí 11.4% lọ́dún, nígbà tí ọjà fúnra rẹ̀ mú 17.9% wá. Owó alágbàtà àti kánjúkánjú ló jẹ ìyókù. Níbí wa, owó alágbàtà àtàwọn owó wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ lé e máa ń sún mọ́ 2% nígbà títà, bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà ríra. Ẹni tó tà lónìí tó tún rà á ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti sọ nǹkan bíi ₦4 nínú ₦100 nù kí ó tó bẹ̀rẹ̀. (Ìwà kan tún wà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa: kí èèyàn má ṣí lẹ́tà mọ́, kó pa ìkìlọ̀ fóònù, bíi pé ìpín ò ní já tí òun ò bá wò ó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni èrè ìpín rẹ̀, ìyẹn owó tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ìpín, ń sùn sọ́dọ̀ registrar, ẹni tó ń tọ́jú ìwé orúkọ wọn, fún ọdún mẹ́jọ.)

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àárín àwọn olókoòwò kòkó ò nílò ìwé láti lóye èyí tó kù. Kòkó kọjá dọ́là ẹgbẹ̀rún méjìlá fún tọ́ọ̀nù kan ní ọjà àgbáyé ní Oṣù Kejìlá 2024. Kí 2025 tó parí ó ti bọ́ sí nǹkan bí ìdajì ìyẹn. Ẹ ronú àwọn méjì tí kòkó wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn nígbà tó ń já. Ọ̀kan ká a lóko ara rẹ̀, ó sá a, kò jẹ ẹnikẹ́ni. Èkejì gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ láti fi rà á ní owó gọbọi, ó sì gbọ́dọ̀ kó o fún wọn ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo iye kòkó lórí WhatsApp, ẹ̀rù kan náà ló ń bà wọ́n, síbẹ̀ ẹnì kan lè dúró, ẹnì kan ò lè dúró. Ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe ìgboyà. Ìyàtọ̀ wọn ni iye ọjọ́ tí owó náà lè jókòó kí ẹnì kan tó wá a wá. Ohun tí mo máa fi dá yín lóhùn nìyẹn: ẹ pín ìpín yín sí owó tó ní ọjọ́ àti owó tí kò ní ọjọ́.

Owó tó ní ọjọ́ lọ́wọ́ yín jẹ́ méjì. Ti òrùlé, ₦350,000, òjò ló dá ọjọ́ fún un. Ti kọ́ópù, ₦240,000, àwọn onídùúró yín ló wà lẹ́yìn rẹ̀; bí ẹ bá fi sísan rẹ̀ falẹ̀, owó ìfipamọ́ tiwọn ni wọ́n á dì mú. Bí èlé kọ́ópù yín bá jẹ́ 1% lóṣù, ìpín yín gbọ́dọ̀ gòkè ju 12% lọ lọ́dún kí gbèsè náà tó jẹ́ èrè fún yín, nínú ọjà tó ń wálẹ̀. Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ ₦590,000. Pẹ̀lú owó títà, kí ẹ fojú sí ₦602,000. Tí pẹ́ńṣọ̀n yín bá ń wọlé déédéé, tí sísan kọ́ópù lóṣooṣù kò sì dí oúnjẹ àti oògùn lọ́wọ́, ẹ lè fi gbèsè náà sílẹ̀ kí ẹ ta ti òrùlé nìkan. Kò burú. Èmi ò jẹ́ fi í sílẹ̀ o, torí gbèsè lórí ìpín ló pa èèyàn jù ní 2008.

Èwo ni kí ẹ tà? Ẹ má tíì yàn kí ẹ tó mọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi já. Ìpín bánkì lè wálẹ̀ láìṣe pé bánkì náà ń ṣàìsàn. Ní Oṣù Kẹta 2024, Central Bank tún ní kí àwọn bánkì gbé owó ìpìlẹ̀ ga, ₦500 bílíọ̀nù fún èyí tó ní àṣẹ òkèèrè, ₦200 bílíọ̀nù fún èyí tó ń ṣiṣẹ́ nílé nìkan, wọ́n sì fún wọn di ọjọ́ 31 Oṣù Kẹta 2026. Ọ̀pọ̀ ló tẹ ìpín tuntun láti fi rí owó náà. Ìṣaasùn ọbẹ̀ kan náà, ẹni tó ń bù ú ló pọ̀ sí i. Abala yín á kéré. Ìyẹn yàtọ̀ sí bánkì tí àwọn tó yá lówó ò san án padà. Nínú ìròyìn ọdọọdún, ẹ wá ìlà mẹ́ta: èrè lórí ìpín kan fún ọdún mẹ́ta léra, iye tí wọ́n yọ sọ́tọ̀ fún ẹ̀yáwó tó bàjẹ́, àti bóyá wọ́n san èrè ìpín. Èrè tó ń kéré lọ́dọọdún, ẹ̀yáwó tó bàjẹ́ tó ń pọ̀, èrè ìpín tó dákẹ́ láìní àlàyé: tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé sójú kan, ẹ tà á. Àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo kò tó. MTN Nigeria pàdánù ₦137 bílíọ̀nù ní 2023 àti ₦400 bílíọ̀nù ní 2024, kì í ṣe torí pé àwọn èèyàn ò pe fóònù mọ́, bí kò ṣe pé náírà tó ṣubú sọ gbèsè dọ́là wọn di òkè. Ní 2025 ó ti padà sí èrè. Ẹni tó ka ìlà àdánù nìkan tà á ní ibi tí kò yẹ.

Ká ní ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, bánkì kẹta àti ìkejì sì kùnà nínú ìbéèrè tí mo ní kí ẹ bi ara yín lókè yẹn. Ẹ ta méjèèjì, ₦440,000. Ẹ mú bíi ₦162,000 nínú sìmẹ́ǹtì, torí òun nìkan ti di ohun tó ju ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ohun tí ẹ ní. Ohun tó kù á jẹ́ sìmẹ́ǹtì bíi ₦398,000 àti bánkì àkọ́kọ́ ₦310,000. Ìyẹn ni owó tí kò ní ọjọ́. Ó lè tún já o. Tí ó bá sì já, kò sí òrùlé nínú rẹ̀, kò sí onídùúró nínú rẹ̀. Bí bánkì kẹta bá wá fò sókè ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ tà á, yóò dùn yín, mi ò lè sọ pé kò ní ṣẹlẹ̀. Ẹ ta owó òrùlé nìyẹn, ẹ ò ta àsọtẹ́lẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa tà á: ẹ má sọ fún alágbàtà pé "ẹ bá mi tà á ní iyekíye." Ní ọjọ́ tí ọjà ń mì, gbólóhùn yẹn lè gbé yín sí ìsàlẹ̀ ibi tó burú jù lójúmọ́ yẹn. Ẹ kọ iye tó kéré jù tí ẹ máa gbà fún ìpín kan, kí ó jẹ́ lórí ìwé tàbí nínú ímeèlì, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí àṣẹ náà máa parí. Ẹ ta bánkì kẹta lọ́jọ́ kan, ìkejì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Owó á wọlé lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ díẹ̀, sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ yín, kì í ṣe sínú ti ọmọọ̀ṣẹ́ alágbàtà, bó ti wù kó jẹ́ ọmọ ìyá ìjọ yín. Kí ẹ kọ́kọ́ san ti kọ́ópù kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ti òrùlé, ẹ ra páànù àti ìṣó pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kápẹ́ńtà bá máa pẹ́, money market fund, àpò owó àjùmọ̀ní tí wọ́n ń yá jáde fún ìgbà kúkúrú, ni kí ẹ fi pamọ́ sí, ẹ lè yọ ọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. FGN Savings Bond, ìyẹn owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá lọ́wọ́ aráàlú, dára fún tíṣà tó fẹ́ èlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ₦5,000 sì ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àmọ́ ọdún méjì tàbí mẹ́ta ló ń gbà. Kì í ṣe ibi tí owó òrùlé ń gbé.

Ọmọ yín ò ṣi sọ pé ìpín pọ́ọ́kú lè dára. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó ń gbowó oṣù lè rà díẹ̀ lóṣooṣù fún ogún ọdún, tí ọjà bá já, a jẹ́ pé ó ń rà á ní owó kékeré. Ẹ̀yin ò ní owó oṣù tó ń bọ̀ láti fi tún un ṣe. Kó fi tirẹ̀ rà á.

Ní ti àpótí bàbá, ẹ wo orúkọ tó wà lórí sátífíkéètì. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú bánkì mẹ́ta tí mo dárúkọ lókè, ó ti di ìwé ìrántí. Intercontinental wọ inú Access, Oceanic wọ inú Ecobank, Finbank wọ inú FCMB, Equatorial Trust Bank wọ inú Sterling. Nínú àwọn yẹn, ìpín díẹ̀ lè ṣì wà lórúkọ bàbá, kò ní pọ̀ tó iye tó wà lórí ìwé. Bó bá jẹ́ bánkì tó ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, èrè ìpín ọ̀pọ̀ ọdún lè wà níbẹ̀. Ẹ máa nílò ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún láti ilé ẹjọ́ gíga ní Àkúrẹ́, ìwé ẹ̀rí ikú, BVN yín, àti lẹ́tà sí registrar ilé-iṣẹ́ náà, kí wọ́n lè gbé ìpín náà sínú àkáǹtì tiyín ní CSCS, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ìpín sí lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ béèrè èrè tí wọn ò tíì san nínú lẹ́tà kan náà. Ẹni tó bá ní òun máa bá yín gbà á tí ẹ bá kọ́kọ́ san owó kan fún òun, ẹ dágbére fún un. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín lámínéètì sátífíkéètì náà kó má bàa bàjẹ́. Ẹ ṣe fọ́tókọ́pì méjì, ẹ fi ojúlówó rẹ̀ sínú àpòòwé, kí ẹ má sì fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìgba ìwé tó ní òǹtẹ̀ àti ọjọ́ tó gbà á.